Fóòmù tí ọmọ mi gbé bọ̀ láti ilé ìwé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo máa ń ráyè ka ìwé ìròyìn yín, nígbà tí àwọn oníbàárà bá ti kó aṣọ òde wọn lọ tán tí ariwo máṣíìnì sì ti rọlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ gbé lẹ́tà bàbá kan jáde, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá náà ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ̀kọ́ bá ti ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn ní ilé ìwé gíga, ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju kí wọ́n gba ààyè ọdún kan lọ, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbàṣẹ láti dá ẹ̀kọ́ dúró, kí wọ́n sì padà lẹ́yìn náà. Ó ní òbí tó bá gbà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ju ọmọ sígboro. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yẹn. Mo wá ká a, mo fi sínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi níbi tí mo ń kó bọ́tìnì sí, nítorí ó ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni bàbá náà ń bá wí.

Télọ̀ ni mí, nítòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi orúkọ mi síta nítorí ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé rẹ̀ náà. Yunifásítì ìjọba ni. Kò sí ní Iléṣà, kò sì sí ní Ifẹ̀. Mọ́tò méjì la máa ń wọ̀ ká tó débẹ̀.

Ọjọ́rú kan ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti ń lù lọ. Mo ń yí ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kadà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ mi ló sọ̀ kalẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn, kí n tó rí ohun tó wà láàárín òun àti ọlọ́kadà. Fóòmù tí à ń sùn lé ni. Fóòmù tí mo rà fún un lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ ilé ìwé ni, ó ká a bí ẹní, ó fi okùn dè é níbi méjì, ibi tí orí rẹ̀ máa ń wà sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kejì gbé báàgì Ghana-must-go tí ẹnu rẹ̀ ò pa dé, mo sì rí ẹsẹ̀ sítóòfù tó yọ jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ní ọmọ nílé ìwé mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ tó ń bọ̀ wálé fún ìsinmi kì í gbé fóòmù rẹ̀ bọ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé wọ́n lé ọ ni?" Ó ní rárá. "Ṣé ara rẹ ò yá?" Ó ní ara òun yá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó gbé fóòmù náà lọ sẹ́yìn tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ, ó tẹ́ ara rẹ̀ lé e láìtú okùn rẹ̀, ó sì sùn títí tí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ pe ara mi bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ jáde pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló máa kà, mo ra mínírà fún gbogbo àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà kan bi mí lọ́jọ́ kejì pé kí ni Ẹnjiníà ń ṣe nílé láàárín ọ̀sẹ̀, ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni pé, "ASUU náà ni o," bíi pé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì tún ti yanṣẹ́ lódì. Obìnrin náà mi orí, ó pòṣé, ó ní Ọlọ́run á ṣàánú àwọn ọmọ yìí. Kò tilẹ̀ bi mí léèrè kejì. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni irọ́ yẹn fi jẹun lọ́wọ́ mi, àfi ìgbà tí ìyá kan tó kó aṣọ ẹbí wá ní, "ASUU wo? Àbúrò mi wà níbẹ̀, àná ló ṣe tẹ́sìtì." Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Irọ́ yìí ló wá jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bá lẹ́tà bàbá náà jà nínú ọkàn mi. Ní 2022, ọjọ́ 14 oṣù kejì ni àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ. Ní 2020, láti oṣù kẹta títí dé oṣù kejìlá ni. Ẹ̀gbọ́n ọmọ tí mò ń sọ yìí wà nílé ìwé nígbà náà. Ó jókòó sílé, ó kọ́ irun dídì, ó fi èékánná ṣíṣe lé e, ó padà, ó sì parí. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé ẹbí nítorí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé mo ti ju ọmọ sígboro. Àwọn àgbàlagbà ló fa ìjókòó yẹn, ìyẹn ni kò fi sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ kí ọmọ kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ dúró díẹ̀, gbogbo ilé á gbọ̀n.

Tiwa gbọ̀n lóòótọ́. Bàbá rẹ̀, tó ń wa mọ́tò lọ sí Èkó, ò jáde lọ́jọ́ tí a ṣe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, òṣómàáló ni bàbá sì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìjẹ̀ṣà ni ọ́. Bàbá tó bí bàbá wa ṣe òṣómàáló. Yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní dìde títí tí yóò fi gbowó rẹ̀. Ìwọ wá ń sá fún ìwé." Ọmọ náà dorí kodò. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ìyàwó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ, nítorí náà mo kúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Àwọn òṣómàáló tí ẹ wí yìí, ṣé ọjọ́ tí wọ́n gbé aṣọ fún èèyàn ni wọ́n ń lóṣòó tì í? Ṣebí àwìn ni wọ́n ń tà á. Wọ́n á dá ọjọ́ fún un, wọ́n á máa lọ, ọjọ́ á pé kí wọ́n tó padà wá." Bàbá wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Ó ní ẹnu mi mú ju abẹ tí mo fi ń tú aṣọ lọ. Ó rẹ́rìn-ín ṣá, ilé sì rọ̀ díẹ̀.

Ẹnì kan ní ọwọ́ ayé ló wà ńbẹ̀. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò ní ààwẹ̀ ò dáa.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn ni ọmọ náà sọ̀rọ̀. Búbá léèsì kan wà nílẹ̀ tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rán apá rẹ̀ sódì. Mo ní kó bá mi tú u. Ó ti ń bá mi tú aṣọ láti ìgbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Yóò ki etí abẹ bọ abẹ́ òwú, yóò já a, yóò fẹ́ atẹ́gùn sí i kí òwú tó já lè kúrò, yóò tún ki abẹ bọ èyí tó tẹ̀ lé e. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, aṣọ ló ń wò, kò wò mí.

Ó ní nígbà tí ẹ́ńjìnì mọ́tò bàbá òun kú ní 2024, tí owó tí a ń fi ránṣẹ́ ò tó nǹkan mọ́, òun lọ gba iṣẹ́ alẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan. Alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti aago mẹ́wàá sí aago márùn-ún ìdájí. Kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Ó kọ́kọ́ ń sùn ní kíláàsì, ó wá ń pẹ́ dé, ó wá di pé kì í lọ mọ́ ní àwọn ọjọ́ kan. Ó fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì mẹ́ta ní ọdún kìíní, kò sọ fún wa. Nígbà tó dé ọdún kejì, ojú ń tì í láti bẹ ẹnikẹ́ni pé kó yá òun ní nóòtì. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò mọ ibi tí wọ́n dé mọ́. Bí mo bá wọlé, olùkọ́ á ní 'bí a ṣe wí lọ́sẹ̀ tó kọjá.' Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò sì sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn."

Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni abẹ yọ̀, ó gé léèsì náà ní ìwọ̀n ìka kan. Àwa méjèèjì wo ojú ibẹ̀. Mo fi òdòdó léèsì kan bò ó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni aṣọ sì ti wọ̀ ọ́ lọ sóde, ó ní ó wu àwọn èèyàn. Bó bá ń ka lẹ́tà yìí, kó foríjì mí.

Ohun kan wà tó ń dùn mí níbẹ̀. Ọdún 2024 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní NELFUND. Wọ́n á san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé, wọ́n á tún máa fún ọmọ ní ₦20,000 lóṣù fún jíjẹ mímu. Ọmọ náà bá wa sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ní òun ò fẹ́ kí ọmọ òun fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ ayé, èmi náà sì gbè é lẹ́sẹ̀. Àwa ọmọ òṣómàáló! A ò mọ̀ pé ọmọ ti ń jẹ gbèsè mìíràn níbi tí ojú wa ò tó.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti ẹ̀ wọ mọ́tò. Olùkọ́ tó ń mójú tó kíláàsì wọn jẹ́ obìnrin tí n kò lè fi ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Mo ń pè é ní Mà, ó ń pè mí ní Mọ́mì. Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ lọ, mo tilẹ̀ gbé iṣu dání. Kò gba iṣu, kò sì jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀. Ó fa bébà yọ, ó ní ká jọ ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí a padà délé, mo tún un kọ sórí bébà tí mo fi ń gé pátẹ́ẹ̀nì, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà kí bàbá rẹ̀ lè rí i. Bó ṣe lọ nìyí.

Ní ọdún kìíní, yúnítì 40 ló ṣe, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí a ro pọ̀, pọ́ìǹtì 54 ló rí kó jọ nínú èsì rẹ̀. Ẹ pín 54 sí ọ̀nà 40, ó jẹ́ 1.35. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí tiẹ̀ bá wálẹ̀ ju 1.00 lọ, wọ́n á fi í sábẹ́ ìkìlọ̀. Bí kò bá gòkè lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n á ní kó máa lọ. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta tó gbé e ṣubú, sáà kìíní ọdún nìkan ni wọ́n ń kọ́ wọn, yúnítì mẹ́ta-mẹ́ta, 9 lápapọ̀. Iṣẹ́ sáà kìíní ọdún kejì fúnra rẹ̀ jẹ́ 21. Ẹ fi 9 lé e, ó di 30. Akẹ́kọ̀ọ́ ò sì gbọdọ̀ ṣe ju 24 lọ ní sáà kan. Torí náà, bó ti wù kó sáré tó, yúnítì 6 ti jókòó sẹ́yìn dè é, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò tó lè padà wá gbé wọn, nígbà tí iṣẹ́ ọdún kẹta náà á ti máa dúró. Tó bá wá jókòó ìdánwò tó wà nílẹ̀ yìí láìmọ nǹkan kan, tó jẹ́ pọ́ìǹtì 6 péré ló bá bọ̀ nínú yúnítì 24, 54 àti 6 jẹ́ 60, 40 àti 24 jẹ́ 64. Ẹ pín in. 0.94.

Bàbá rẹ̀ dúró ti bébà yẹn pẹ́. Ó ní, "Àṣé ọdún tí à ń jà lé lórí yìí ti lọ tipẹ́."

Obìnrin náà tún sọ àwọn nǹkan kan tí mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀, tí bàbá olùkọ́ ò sọ nínú lẹ́tà rẹ̀. Ó ní èyí tó ń ba àwọn lọ́kàn jẹ́ ni àwọn ọmọ tó kàn ń pòórá. Ọmọ á forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, kò ní wá síbi ìdánwò, kò sì ní kọ lẹ́tà. Òdo ni wọ́n á kọ síwájú gbogbo rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, ilé ìwé á kà á sí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, bó bá sì tún fẹ́ kàwé, ó di kó padà lọ jókòó ìdánwò JAMB pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹni tó bá gba ààyè, àyè rẹ̀ wà níbẹ̀ dè é. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà náà, ó gbọ́dọ̀ wọlé kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka á fọwọ́ sí i, dííìnì á fọwọ́ sí i, ó di ọwọ́ Sẹ́néètì, ìgbìmọ̀ àgbà ilé ìwé náà. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, dókítà ilé ìwé á kọ ìwé tì í. Kò sì lọ títí láé: ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ kọjá ọdún méje àti ààbọ̀ lápapọ̀. Mo tún ronú kan agùnbánirọ̀, ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó parí ẹ̀kọ́ kì í sìn mọ́. Ogún ọdún ni ọmọ mi. Ààyè wà.

Mo ti ń rò pé ọ̀rọ̀ parí nígbà tí olùkọ́ náà yíjú sí mi. Ó ní, "Mọ́mì, kì í ṣe gbogbo wọn la máa ń gbà níyànjú pé kí wọ́n lọ o. Ẹni tó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì kan ló gbé e, kó dúró, kó dín yúnítì rẹ̀ kù sí 15, kó rọra máa bọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ mú un lọ sílé kó lọ máa bá yín tajà, ẹ jẹ́ kó wà níbí." Ojú tì mí. Nínú mọ́tò tí a bá lọ, mo ti fọkàn pín iṣẹ́ aṣọ Kérésì fún un.

Níbi yìí ni mo ti fún bàbá olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọmọ kan wà ní àdúgbò wa tó gba irú ààyè yìí. Oṣù kìíní, ó ní òun ń sinmi. Oṣù kejì, fóònù. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi ọdún náà ṣe, ìyá rẹ̀ ń rán an níṣẹ́, bàbá rẹ̀ ń bú u. Ó ti pé ọdún méjì báyìí, kẹ̀kẹ́ ló ń wà. Kẹ̀kẹ́ wíwà kì í ṣe iṣẹ́ olè, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ìtìjú ló ń fà á tí òun ò fi padà. Bó bá jẹ́ irú èyí ni bàbá rí tó fi kọ lẹ́tà rẹ̀, mo gbà fún un.

A ò dá ìpinnu náà fún ọmọ wa. Bàbá rẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ló bà wá. Ọjọ́ méjì ló fi ń rìn kiri. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó gba fúlúsíkáàpù lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó jókòó sídìí máṣíìnì mi nítorí ibẹ̀ ni iná ti mọ́lẹ̀ jù. Mo ní kí n máa pe ọ̀rọ̀ fún un, ó ní rárá. Ó ya mẹ́ta kó tó mú ìkẹrin. Mo ka èyí tó mú. Kò parọ́ àìsàn níbẹ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó kọ ọ́ pé òun ń ṣiṣẹ́ lóru, pé òun ti já sẹ́yìn, pé òun fẹ́ padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Ìlà mẹ́sàn-án péré. Sẹ́néètì ò tíì jókòó lé e lórí, ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ pé wọ́n ti gbà wà lọ́wọ́ wa. Mo ṣe fọ́tòkópì mẹ́ta. Ọ̀kan wà nínú Bíbélì.

Bí nǹkan ṣe wà báyìí: ó ń lọ sọ́dọ̀ wẹ́ídà kan ní Ìsọ̀kun láti àárọ̀ títí di aago kan. Owó tó ń rí ò pọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀ sí fún owó yàrá. Láti aago mẹ́ta, ìwé. Mi ò gbọdọ̀ rán an níṣẹ́ láàárín ìgbà náà, òun ló ṣòfin yẹn, ó sì kọ ọ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù níbi tí àwọn oníbàárà ti ń rí i. Oníbàárà tí mo parọ́ ASUU fún bi mí kí lèyí, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní tiẹ̀ náà wà nílé láti oṣù mẹ́rin, ó sì ti ń sọ fún èèyàn pé ó lọ ṣe IT, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Mo sọ ọ́fíìsì tí yóò lọ fún un. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti lọ.

Fóòmù náà ṣì wà lẹ́yìn tábìlì, okùn rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹní ló ń sùn lé nínú ilé. Ó ní bí òun bá tú u, ó ti di ti ilé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó kù, bàbá olùkọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi bá sọ ọ́. Nínú lẹ́tà rẹ̀, ó ní ọdún 31 ni òun fi kọ́ ìṣirò. Nínú kọ́ọ̀sì mẹ́ta tó gbé ọmọ mi ṣubú, ìṣirò ló le jù, ẹni tí a rí tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ báyìí sì ń sọ pé òun náà ò rántí apá kan mọ́. Bí bàbá bá wà nítòsí Iléṣà, tí ara rẹ̀ sì le, kó jọ̀wọ́ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín. Ọjọ́ Túsìdeé àti Ọjọ́bọ̀ ló dára fún wa. Mi ò lè san owó tó pọ̀, àmọ́ mo lè rán búbá àti ṣòkòtò fún un títí ọmọ á fi padà síléèwé, bó bá sì fẹ́ agbádá, kó mú aṣọ rẹ̀ wá.

Èmi ni,
Ìyá Ẹnjiníà,
Iléṣà.